Ọ̀rọ̀ ni kó ṣáájú, kí orin tẹ̀ lé e

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni oníbàárà ti dá orin ìpolówó ọṣẹ yín padà pé kò dún bíi Yorùbá, ọ̀gá sì ń bínú sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Orin lẹ kọ́kọ́ ṣe, ẹ wá ń fipá ki ọ̀rọ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ yí i padà.

Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Tí orin bá gbéra sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ọkọ̀ ti di ọkọ́ létí olùgbọ́ nìyẹn.

Ẹ kọ gbólóhùn náà, kí ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń polówó ní Ọjà Ọba níbí. Ẹ gbà á sórí fóònù. Bí ohùn yẹn ṣe ń lọ sókè sódò, ibẹ̀ ni kí olórin ti mú orin rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu ọ̀nà yín, kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kó sọ ohun tó gbọ́. Mo fọkàn tán etí wọn ju ti gbogbo wa nínú ọ́fíìsì lọ.

Orin nìkan ni èyí wà fún o. Tó bá jẹ́ ìpolówó ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni kò dún bíi Yorùbá, á jẹ́ pé láti inú Gẹ̀ẹ́sì lẹ ti túmọ̀ rẹ̀. Ẹ jù ú nù, kí ẹ kọ òmíràn.

Ẹ rántí pé ARCON, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé orí rédíò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bẹ ọ̀gá fún ọmọ yẹn.