Àyájọ́ kọ́ ni kòńgẹ́

Ìbéèrè tó wá láti Àkúrẹ́ nìyí: “Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa. Ṣé irú èyí ni àwọn àgbà ń pè ní àyájọ́, àbí nǹkan kan wà nínú ọjọ́ náà?”

Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Àyájọ́ ni ọjọ́ tí ọdún yí po tó sì bá ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lẹ́nu àwọn onífá àti olóògùn, ọfọ̀ ni: ó ń rántí bí nǹkan ṣe rí ní ìwáṣẹ̀, kí ó lè tún rí bẹ́ẹ̀ lónìí. Lójú tèmi, ìtumọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra. Ohun àná là ń pè wá sí òní, ẹnìkan ló sì ń pè é. Kòńgẹ́ kò ní olùpè ní tirẹ̀. Ohun méjì kàn pàdé ni, kò sẹ́ni tó dájọ́ fún wọn.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá kì í ṣe kòńgẹ́ rárá. Lẹ́yìn òmìnira 1960, ọjọ́ yẹn ni a bọ́ lábẹ́ adé Gẹ̀ẹ́sì pátápátá ní 1963, tí Azikiwe di ààrẹ. Ọjọ́ yẹn ni Ọbásanjọ́ gbé ìjọba fún Shagari ní 1979, òun náà ni Abacha sì fi kéde ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní 1996, Èkìtì ọ̀kan. Ìjọba ló ń mọ̀ọ́mọ̀ mú un. Babangida náà ṣe irú rẹ̀: ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1985 ló gbàjọba, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ló dá ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án sílẹ̀, Ọ̀ṣun wà nínú wọn. Àyájọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Tí ẹ bá ń wá kòńgẹ́, ẹ wo ọjọ́ 15 oṣù kìíní: ìfipágbàjọba àkọ́kọ́ ní 1966, àti ìtúúbá Biafra ní 1970. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 ni Effiong, tó ń darí Biafra nígbà náà, ti sọ ọ́ lórí rédíò. Ayẹyẹ ìtúúbá ní Dodan Barracks, l'Ékòó, ló bọ́ sí ọjọ́ 15. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan lè ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tó bá fẹ́ràn kòńgẹ́ á sì mú èyí tó bá tirẹ̀ mu.

Ọjọ́ 3 oṣù kejì 1976 ni Murtala dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Ọ̀yọ́ àti Ògùn náà bọ́ sí ọjọ́ yẹn, torí ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni wọ́n ti gé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ 13 ni wọ́n pa Murtala. Ẹni tó bá yọ 3 kúrò nínú 13 á ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ní òǹkà Yorùbá, ọjọ́ kọkànlá ni, nítorí à ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọrún, ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ Yorùbá, fi jẹ́ márùn-ún lẹ́nu, tó sì jẹ́ mẹ́rin tí a bá fi ọjọ́ wọ̀n ọ́n. Ìtàdógún náà, 17 lẹ́nu, 16 ni.

Ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni ti Ọbàtálá, Ifá, Ògún àti Jàkúta. Òun ni òwe ń sọ: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ẹ wá fi wọn ọjọ́ òmìnira. Ẹ fi 365 sọ iye ọdún di púpọ̀, ẹ fi ọjọ́ kan kún un fún gbogbo 29 oṣù kejì tó bọ́ sáàárín (ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé nìyí), kí ẹ wá fi 4 pín in. Láti 1960 sí 1996 jẹ́ ọjọ́ 13,149. Ó ṣẹ́ku 1. Tí òmìnira bá bọ́ sí ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún ni ti Èkìtì. Àgbà tó ń ka ọrún kò ní pè é ní ọjọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n láti 1963 sí 1979 pé ọdún 16 gẹ́lẹ́: ọjọ́ 5,844, kò ṣẹ́ ku rárá. Òrìṣà kan náà ló ni ọjọ́ méjèèjì. Kòńgẹ́ nìyẹn.