Ṣé igi inú oko máa ń pa irè oko lára ni?

Ìbéèrè: Ilẹ̀ tí mo fi ń dá oko àgbàdo àti ẹ̀wà kò pé hẹ́kítà kan. Wọ́n ní kí n gbin igi sáàárín rẹ̀ kí ilẹ̀ lè sàn. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi ní ọ̀tá ni mo fẹ́ gbìn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tètè pè wọ́n ní aláìmọ̀kan. Wọ́n ti rí àgbàdo tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lábẹ́ igi rí. Ẹ fi ọkọ́ wa ilẹ̀ díẹ̀ ní nǹkan bíi mítà méjì sí ìdí igi eucalyptus. Ẹ ó rí gbòǹgbò tín-ín-rín tó ti ta wọ inú ebè, tó ń bá irúgbìn du omi.

Àmọ́ igi ò rí bákan náà. Agúnmániyè, tí àwọn oníwèé ń pè ní Gliricidia, ìbátan ẹ̀wà ni. Ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ kí ẹ tó gbin àgbàdo, kí ẹ da ewé rẹ̀ sórí ebè; ajílẹ̀ nìyẹn bó bá ti jẹrà. Ti igi Faidherbia tún yàtọ̀: ìgbà òjò ló máa ń wọ́wé, nígbà tí irè wà lóko, kò sì ní ṣíji bò wọ́n.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gígé ẹ̀ka kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, polongo gbígbin irè sáàárín ìlà igi gidigidi láàárín 1980 sí 1990, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ pa á tì, torí àsìkò tí oko ń bèèrè ìro ni igi náà ń bèèrè gígé.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ jù ni ẹni tó ni ilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ yá a ni, ẹ kọ́kọ́ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀, torí igi gbígbìn lè dà bí ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Niger, nígbà tí òfin sọ pé ìjọba ló ni igi, àgbẹ̀ a máa fà á tu. Láti 1983 ni Tony Rinaudo, míṣọ́nnárì ará Australia, àti àwọn àgbẹ̀ àyíká Maradi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá èéhù ara kùkùté sí. Bí ọkàn àgbẹ̀ ṣe balẹ̀ pé òun ni yóò jèrè igi náà, àṣà náà tàn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà, láìra irúgbìn kankan.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ tiyín, ìlà agúnmániyè méjì péré, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi apá kejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ máa wọn àgbàdo apá méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọdún kìn-ín-ní ò ní fi nǹkan kan hàn yín.