Ọmọ mi ní mò ń fi ara òun ṣe yẹ̀yẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 12, ó sì ti ń sanra láti bí ọdún kan. Níléèwé, wọ́n kọ́ wọn pé kí kálukú fẹ́ràn ara rẹ̀ bó ṣe rí. Èmi náà fara mọ́ ọn. Àmọ́ bí mo bá ti ní ká jọ rìn jáde, á ní, "Mọ́mì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ń fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́." Bàbá rẹ̀ ní kí n fi í sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yín rí nǹkan kó tó sọ̀rọ̀ o. Bó bá jẹ́ pé òun nìkan lẹ máa ń pè fún ìrìn náà, tí àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ilé jókòó ti fóònù, ó ti gbọ́ ohun tẹ́ ò sọ. Ẹ kó gbogbo ilé jáde, títí kan bàbá wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ó kéré tán 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́ ṣe ohun tó ń mú kéèyàn mí hẹlẹhẹlẹ. Wọn ò yọ ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ijó wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Kó mú èyí tó wù ú.

Ní ọjọ́ orí yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ń sanra díẹ̀ kí wọ́n tó ga sókè. Nítorí náà, ẹ má ṣọ́ ọ lẹ́nu nídìí àwo. Ọmọ tí wọ́n ń ṣọ́ lẹ́nu, ní kọ̀rọ̀ ló ti máa ń jẹun.

Ohun kan tí mi ò ní fojú fò dá: ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti abíyá. Bí ibẹ̀ bá dúdú, tó nípọn, tó rí múlọ́múlọ́ bí àrán, ẹ má fi kànìnkànìn bó o. Ìdọ̀tí kọ́. Ó lè jẹ́ àmì pé ara ò lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún dókítà ṣáájú pé kó má pariwo kìlò lójú ọmọ. Bó bá bínú, ẹ ní ara tó ní òun fẹ́ràn yẹn náà lẹ ń bá a tọ́jú.

Àwa ìyá náà ńkọ́? A ó dúró níwájú dígí, a ó di ikùn mú, a ó ní, "Ẹ wo bí mo ṣe rí!" Ọmọ ń gbọ́. Àwọn ẹbí tó bá sì pè lórí fídíò, tí wọ́n ní "Háà, o mà ti tóbi o!", ẹ tètè gba fóònù, kẹ́ ẹ bá wọn sọ ọ́ lẹ́yìn ọmọ. Wọ́n lè bínú. Wọ́n á tún pè.