Ẹ má tíì ra stock tuntun: bí mo ṣe mú stock ike le

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ìbọn .308 olówó pọ́ọ́kú yín ń fi ọta sójú kan dáadáa tí ẹ bá gbé e lé àpò iyanrìn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti so bipod (ẹsẹ̀ méjì tó ń gbé iwájú ìbọn dúró) mọ́ ọn, ọta á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kiri. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ra stock (apá ike tàbí igi tí irin ìbọn jókòó sí, tí a ń dì mú) tuntun tí owó rẹ̀ fẹ́ tó ìdajì owó ìbọn náà. Tó bá jẹ́ èmi ni, n ò ní rà á. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń dọdẹ àgbọ̀nrín níbí ní Texas, stock ike tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀ dòní, àmọ́ mo ti ṣiṣẹ́ sí i lára gan-an.

Bí ẹ bá yìnbọn, ọ̀pá ìbọn máa ń gbọ̀n. Tó bá ń gbọ̀n bákan náà nígbà gbogbo, ojú kan náà ni ọta á máa lọ. Ṣùgbọ́n tí iwájú stock bá kàn án nígbà tí ẹ yìn ín lẹ́ẹ̀kan, tí kò kàn án nígbà kejì, ìgbọ̀n yẹn ti yí padà, ọta náà á sì yà. Ike yíyọ́ tí wọ́n tì sínú mọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń ṣe irú stock yìí. Ògiri rẹ̀ tín-ín-rín, inú rẹ̀ ṣófo, àwọn ìlà ike kéékèèké tó wà nínú rẹ̀ sì dábùú ni. Ohun tó dábùú ò lè ní kí stock má tẹ̀ lóòró. Oòrùn tún ń bá a jà: stock tó ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ nínú oṣù kẹjọ máa ń rọ̀ ju bó ṣe wà ní kùtùkùtù lọ. Àpò iyanrìn máa ń gbé ìbọn nítòsí ibi tí stock ti nípọn, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí àléébù níbẹ̀. Orí ṣóńṣó iwájú, níbi tó ti rọ̀ jù, ni bipod ti ń tì í.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó náwó. Ẹ yọ mágásíìnì, ẹ yọ bolt (irin tó ń ti ọta wọlé) kúrò pátápátá, ẹ fi ojú wo inú ihò ọta, kí ẹ tún fi ìka kàn án. Ẹ wá ki owó bébà dọ́là kan sí abẹ́ ọ̀pá ìbọn láti iwájú, ẹ fà á lọ sẹ́yìn títí tó fi dé ibi tí ọ̀pá ti wọ ara ìbọn (ibi irin tí bolt ń gbé). Tó bá kọjá geere, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ gbé ìbọn lé bipod, ẹ fi èjìká tì í síwájú bí ẹ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ yìn, kí ẹnì kan tún bá yín fa dọ́là náà. Ibẹ̀ ni tèmi ti há.

Ó yá, iṣẹ́ ti dé. Ẹ tú ìbọn kúrò nínú stock. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ inú iwájú stock, ẹ fi alcohol nù ún, ẹ wá fi sáńpépà 80 ha á títí gbogbo dídán rẹ̀ á fi lọ. Ẹ bo imú yín, torí eruku ike tí wọ́n po gíláàsì mọ́ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Epoxy, àtè líle alápá méjì tí ẹ máa fi mú stock le, kì í fẹ́ di ike dídán mú. Ṣe ni ẹ máa lu ihò kéékèèké sára àwọn ìlà tó dábùú yẹn kí epoxy lè wọ inú wọn, kó sì há síbẹ̀. Ẹni tó fo ìpele yìí, epoxy rẹ̀ á já lódindi bí ìbọn bá ti ta á nípàá díẹ̀.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ẹ máa tẹ́ síbẹ̀ lóòró, epoxy nìkan ò tó. Àwọn ọ̀pá ọfà carbon tó ti ṣẹ́ ni mo lò, mo gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ọfà dọdẹ. Wọ́n fúyẹ́, wọn kì í sì í tẹ̀. Alumíníọ̀mù náà dára, tí ẹ bá ha ara rẹ̀ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ gé àyè sára àwọn ìlà náà kí ọ̀pá lè jókòó, kí ó sì gùn lọ sẹ́yìn títí tó fi dé ara ibi líle tó wà níwájú ara ìbọn. Mo tẹnu mọ́ èyí, torí ibi tí apá iwájú ti pàdé ara ìbọn gan-an ló ti ń tẹ̀. Ọ̀pá tí kò dé ibẹ̀ dà bí igi àjà tí kò kan orí ògiri.

Epoxy tó ń pẹ́ gbẹ ni kí ẹ lò, kì í ṣe ti ìṣẹ́jú 5. JB Weld ti àtilẹ̀bá, irú epoxy kan tó fẹ́ odidi ọjọ́ kan kó tó gbẹ tán tẹ́ mi lọ́rùn. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa dà á, kí ọ̀kan gbẹ kí ẹ tó da òmíràn lé e, nítorí epoxy tó pọ̀ lójú kan máa ń gbóná, ooru náà sì lè ká ike tín-ín-rín kò. Ẹ rí i pé stock náà gún régé nígbà tó bá ń gbẹ, torí bó bá ṣe rí nígbà náà ló máa rí títí. Kó tó di pé ẹ dà á, ẹ dè nọ́ọ̀tì tó di ibi ìsobipod mú dáadáa, nítorí ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án mọ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ wé sáńpépà mọ́ igi róbótó, kí ẹ fi fá ojú ọ̀nà ọ̀pá ìbọn títí àyè á fi tó mìlímítà 2 yíká. Àyè dọ́là kan kéré jù, ewé lásán lè há síbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ẹ fún fóòmù sínú rẹ̀. Fóòmù ò fún un ní agbára kankan, ó sì lè wú kó ti ògiri stock síta.

Kí ẹ má fọwọ́ kan ibi tí ara ìbọn jókòó sí láìmọ bí wọ́n ṣe ṣe tiyín. Lórí Savage Axis, irú ìbọn kan, inú stock ni irin pẹlẹbẹ tó ń gba ìpàá ìbọn wà. Tó bá ń mì, epoxy díẹ̀ á mú un dúró. Irin onírísí V méjì ni Ruger American jókòó lé, ẹ má ṣe fá wọn rárá. Remington 700 SPS sì ní ibi ike méjì tó yọ sókè níwájú tí wọ́n dìídì fi ti ọ̀pá ìbọn. Ẹ yìn ín wò kí ẹ tó gé e kúrò, nítorí ọ̀pá ìbọn mìíràn máa ń fi ọta sójú kan dáadáa pẹ̀lú rẹ̀.

Iwájú á wúwo díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Mo fi nǹkan wúwo díẹ̀ sínú ìdí stock kí ó lè dọ́gba, mo sì wé fóòmù pẹlẹbẹ mọ́ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbé kí ojú mi lè bá awò ìbọn mu láìna ọrùn.

Tí ẹ bá padà sí pápá, ẹ lo ọta kan náà ní yáàdì 100, ẹ yin 5 lórí àpò iyanrìn, kí ọ̀pá tutù, ẹ yin 5 lórí bipod. Fífẹ̀ ibi tí ọta tèmi ń bọ́ sí lórí bipod ti dín kù láti nǹkan bí íǹṣì 3 sí íǹṣì kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wù mí jù ni pé ojú kan náà ni ti àpò iyanrìn àti ti bipod ń bọ́ sí báyìí. Ohun tí ẹ̀ ń wá nìyẹn. Bí ẹ bá wá tú stock yín tí ẹ rí i pé ó ti sán níbi tí sukúrù ti wọlé tàbí níbi tó ń gba ìpàá, ẹ má fi epoxy pa á mọ́. Irú èyí ni kí ẹ rà tuntun fún.