Láti Èjìgbò dé Àbíjàn pẹ̀lú ọmọ oṣù 22: bọ́dà ni kí ẹ máa kà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Treichville ní Àbíjàn ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ kí èmi àti ọmọ wa wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun. Ọmọbìnrin ni, ó ti pé oṣù 22, ó ṣì ń mu ọmú lálẹ́. Bọ́ọ̀sì tó ń gbéra ní Èjìgbò tó ń lọ tààrà ni mo fẹ́ wọ̀, torí ẹrù mi pọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n já a lẹ́nu ọmú ká tó lọ, kí n sì máa fún un ní Piriton olómi kó lè máa sùn lójú ọ̀nà. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Kí ni kí n mú dání? Ìwé wo ni wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ wa? — Ìyá ọmọ kan, Èjìgbò

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, ìyá ọmọ. Méjì nínú ohun tí ẹ bèèrè kò gba àròjinlẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú wọn kúrò nílẹ̀. Ẹ má fún ọmọ ní Piriton kó lè sùn, ẹ má sì já a lẹ́nu ọmú nítorí ìrìn àjò.

Oògùn ara yíyún àti àléjì ni Piriton. Oorun tó ń kùn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n á lò ó tán tí wọn ò ní sùn rárá, ṣe ni wọ́n á máa jà, tí wọ́n á máa sunkún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Phenergan tí àwọn kan máa ń rà ní kẹ́mísítì fún irú nǹkan báyìí tún burú jù ú lọ: promethazine tó wà nínú rẹ̀ lè dí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lọ́wọ́ láti mí, débi pé ẹ̀mí lè bọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú bọ́ọ̀sì tó gbóná, lóru, ẹ ò ní mọ̀ bóyá oorun ni ọmọ ń sùn tàbí ó ti dákú. Ẹkún ọmọ ń súni lóòótọ́, àmọ́ òun ló ń sọ bó ṣe ń ṣe é fún yín.

Ní ti ọmú, èmi ò mọ oúnjẹ mìíràn tí kì í bà jẹ́, tí a kì í sè, tí a ò ní fi owó ìlú onílùú bíi sefa tàbí sídì rà, tó tún ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́ láàárín èrò. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un ní ìlú tí ẹ ò ti mọ ẹnikẹ́ni, ọmú yẹn ló máa gbà yín. Ẹ jẹ́ kí ẹ lọ kí ẹ bọ̀ ná kí ẹ tó já a. Ẹ bá mi kí ìyá ọkọ yín dáadáa, ẹ ní nọ́ọ̀sì ló bẹ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ padà sí wọn.

Ó wá ku ìrìn àjò fúnra rẹ̀. Èkó sí Àbíjàn tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ìyẹn sì ni gbogbo ènìyàn máa ń kà. Nígbà tí ọmọdé bá wà lọ́wọ́ yín, bọ́dà ni kí ẹ máa kà. Mẹ́rin ni wọ́n: Sẹ̀mẹ̀ àti Kraké, láti Nàìjíríà bọ́ sí Benin; Hillacondji, láti Benin bọ́ sí Tógò; ibi tí Lomé parí sí tí Aflao ti Gánà bẹ̀rẹ̀; àti Elubo àti Noé, níbi tí ẹ ó ti wọ Côte d'Ivoire. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní apá méjì, òǹtẹ̀ ìjáde ní apá kan, òǹtẹ̀ ìwọlé ní apá kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ nìyẹn tí ẹ ó dúró níwájú imigiréṣọ̀n, ká má tíì ka àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ọmọ tó bá yó sábà máa ń sùn. Ibi tó bá dúró sí ni wàhálà wà: oòrùn, ìlà tí kò sún, ọ̀kadà tó ń gba àárín èrò kọjá, omi tó ti tán, ẹni tó ń fa báàgì yín lọ́wọ́ pé òun á bá yín gbé e sọdá.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ bọ́ọ̀sì tààrà fún yín. Ọ̀nà Àbíjàn kò ṣàjèjì sí ará Èjìgbò, mo mọ̀, ní Èjìgbò yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ kí màmá arúgbó máa fi Faransé bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí. Àmọ́ èrò tó ń kánjú ló kún inú ọkọ̀ yẹn, dẹ́rẹ́bà kò sì ní dúró nítorí ọmọ kan tó ń bì. Ẹrù yín ni kó wọ bọ́ọ̀sì tààrà. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọkọ yín sí i lára gàdàgbà, ẹ gba rìsíìtì, kí bàbá ọmọ lọ gbà á ní gáréèjì lọ́hùn-ún. Kí ẹ̀yin àti ọmọ máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan lọ́wọ́ àti èyí tí ẹ ó fi kọ́ ọrùn.

Bí mo ṣe máa pín in rèé. Ẹ wá sun Èkó lọ́dọ̀ ẹbí, kí ẹ gbéra ní ìdájí, kí ẹ lè ti kọjá Sẹ̀mẹ̀ kí oòrùn tó mú. Láti Kútọnu, ọ̀nà gba ẹ̀bá Ouidah àti Grand-Popo lọ sí Hillacondji. Ibẹ̀ ni aago ti máa yí padà: Nàìjíríà àti Benin ń lo aago kan náà, àmọ́ Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Inú ọmọ kò mọ̀ pé aago yí o. Aago ilé ni ebi rẹ̀ á máa tẹ̀ lé fún ọjọ́ bíi mélòó kan, bí ó bá sì ní oògùn tó ń lò, aago ilé náà ni kí ẹ fi máa fún un. Etíkun Tógò kò gùn ju nǹkan bí 56 kìlómítà lọ, ó sì máa wù yín láti sáré kọjá sí Gánà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí bọ́dà mẹ́ta lójúmọ́ ti pọ̀ jù fún ọmọ. Ẹ sun Lomé, inú ìlú gan-an ni bọ́dà wà, kí ẹ sọdá sí Aflao láàárọ̀ kùtù. Tí ẹ bá dé Accra, ẹ lo odidi ọjọ́ kan níbẹ̀ láìlọ síbì kankan, kí ọmọ sáré kiri, kí ẹ̀yin náà fọṣọ. Ẹ tún sun Takoradi, kí ọjọ́ tó kẹ́yìn lè jẹ́ Elubo, Noé, Aboisso, Grand-Bassam, Àbíjàn.

Owó ilé ìtura máa wọ inú ìnáwó yín, mi ò ní tàn yín. Nítorí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ ò bèèrè. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 lè jókòó lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nínú bàálù, owó tí wọ́n sì ń gbà lórí rẹ̀ kéré gan-an sí ti àgbàlagbà. Tó bá ti pé ọdún 2, ìjókòó tirẹ̀ ni wọ́n máa ní kí ẹ rà fún un. Oṣù méjì ló kù. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń gba àlọ nìkan láti Èkó, kí ẹ fi wé owó ọkọ̀, ilé ìtura àti oúnjẹ gbogbo ọjọ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò bá pọ̀, ẹ fò lọ, kí ẹ gba orí ilẹ̀ bọ̀ nígbà tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ sí i.

Ìwé wá ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà dáadáa. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wá láyè láti wọ àwọn orílẹ̀-èdè yìí láìgba físà fún 90 ọjọ́, oṣù méjì yín sì wà nínú ìyẹn. Síbẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ ní páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀. NIN rẹ̀, ìwé ìbí láti ọ́fíìsì National Population Commission àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí wà lára ohun tí wọ́n máa bèèrè kí wọ́n tó ṣe é, nítorí náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí náà ni àwọn tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ ṣòwò ń gbà. Bí wọ́n bá rí obìnrin kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè, ẹ má bínú sí wọn. Kí ọkọ yín kọ lẹ́tà pé òun ni bàbá ọmọ, pé òun mọ̀ sí ìrìn àjò náà, kó fi àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí i, kó sì jẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìbuwọ́lù rẹ̀ ní mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ní Àbíjàn. Kó kọ ọ́ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, torí mẹ́ta nínú orílẹ̀-èdè mẹ́rin tí ẹ ń wọ̀ ló ń fi Faransé ṣiṣẹ́. Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó náà dání bí páásípọ́ọ̀tù yín bá ṣì ń jẹ́ orúkọ ilé bàbá yín. Ẹ tún wo orúkọ ọmọ. Àwa Yorùbá, bàbá àgbà sọ ọ́ ní tirẹ̀, ìyá àgbà sọ ọ́ ní tirẹ̀, nọ́ọ̀sì wá kọ èyí tó gbọ́ sínú káàdì abẹ́rẹ́. Orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí ni kó wà lórí gbogbo ìwé, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Yẹ́lò káàdì náà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ yellow fever, ńkọ́? Ọmọ tó bá ti pé oṣù 9 gbọ́dọ̀ ní in. Ó ṣeé ṣe kó ti gba abẹ́rẹ́ yellow fever ní oṣù 9 pọ̀ mọ́ ti measles, àmọ́ káàdì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yàtọ̀ sí yẹ́lò káàdì tí wọ́n ń bèèrè ní bọ́dà. Ẹ gbé káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Port Health kí wọ́n lè ṣe tirẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ pé ìsinsìnyí ló máa gbà á, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì ọ̀hún tó lè ṣiṣẹ́. Láti ọdún 2016, ẹ̀ẹ̀kan tí ènìyàn bá ti gbà á, títí ayé rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti gba measles ẹlẹ́ẹ̀kejì ti oṣù 15. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í padà lọ fún ìyẹn.

Nínú ọkọ̀, ẹ ra ìjókòó méjì bí agbára bá gbé e, láàárín ọkọ̀, kì í ṣe iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà tàbí orí táyà. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò kékeré tó ní bẹ́líìtì, ẹ má fi bẹ́líìtì kan de ẹ̀yin àti ọmọ pọ̀, ara yín ló máa tẹ̀ ẹ́ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ẹ má pọ̀n ọ́n jókòó sínú ọkọ̀. Ọ̀já di dandan tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní bọ́dà: kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ pámpásì, ẹ fún un lómi, bí ẹ bá sì ti sọ̀kalẹ̀, ẹ gbé e pọ̀n, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè ṣófo fún ìwé. Ọmọ tí wọ́n kàn dì lọ́wọ́ mú lè já gbà kó sáré bọ́ sójú títì. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò wúlò níbẹ̀.

Oúnjẹ kò le. Bísíkíìtì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, mílíìkì oníyẹ̀fun tí ẹ ó máa fi omi gbígbóná inú fúláàsì pò lásìkò tó bá fẹ́ mu ún. Ẹ má pò ó sílẹ̀. Akasa tí wọ́n ń tà ní Benin kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹ̀kọ wa, ẹ rí i pé ó gbóná. Omi inú ọ̀rá tàbí ìgò tí ẹ fúnra yín ṣí nìkan ni kó mu.

Ẹ wọn ọmọ lórí ìwọ̀n kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ kọ iye kìlò rẹ̀ sínú fóònù, torí ìwọ̀n ni wọ́n fi ń mọ iye oògùn ibà àti Parasitamọ́ọ̀lù tó máa lò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì olóògùn apẹ̀fọn sínú báàgì, ilé ìtura tó ní in kò pọ̀. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, àyẹ̀wò ibà ni kó ṣáájú oògùn, kó sì jẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Fún ìgbẹ́ gbuuru, ẹ ra ORS (iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń fi omi pò) àti síńkì ní Nàìjíríà. Ẹ ka ara ọ̀rá ORS kí ẹ mọ̀ bóyá lítà kan omi ni tàbí ìdajì ni wọ́n ní kí ẹ fi pò ó. Síńkì jẹ́ mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, ẹ má kúrò nílé láìkọ́kọ́ rí dókítà rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá rí i, ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láìwo owó tí ẹ san: bí ó bá ní gìrì, bí kò bá lè mumi tàbí mu ọmú mọ́, bí ó bá ń bi gbogbo ohun tó wọ inú rẹ̀, tàbí tó rẹ̀ ẹ́ débi pé ẹ ò lè jí i. Ilé ìwòsàn ńlá wà lọ́nà yín: Hubert Koutoukou Maga ní Kútọnu, Sylvanus Olympio ní Lomé, Korle Bu ní Accra, Cape Coast Teaching Hospital, àti Effia Nkwanta ní Sekondi-Takoradi. Nọ́ńbà pàjáwìrì Gánà ni 112, ti ọkọ̀ aláìsàn ní Côte d'Ivoire ni 185. Bí ara ọmọ kò bá yá ní Takoradi, ẹ má gbéra ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, torí láti ibẹ̀ sí Elubo ni ilé ìwòsàn ńlá ti wọ́n jù lójú ọ̀nà yín.

Sefa ni owó Benin, Tógò àti Côte d'Ivoire, sídì ni ti Gánà. Ìwọ̀nba tí ẹ máa ná títí dé bọ́dà tó kàn ni kí ẹ ṣẹ́.

Bí ọkọ yín bá lè gbàyè lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dúró dè yín ní Treichville. Noé ni kó ti wá pàdé yín. Nígbà yẹn, ó ti rẹ ẹ̀yin àti ọmọ, Faransé ti tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì ṣì kù. Kó mú ìwé ìgbélùú rẹ̀ dání, kó sì ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó sọdá láti Elubo.