Kí ló dé tí Júpítà fi ń dà bíi gílóòbù nínú fọ́tò mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdàtán ni mò ń gbé, l'Ábẹ́òkúta níbí. Àbúrò mi tó wà lókè òkun fi tẹlisíkóòpù kékeré kan ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì mi. Wọ́n kọ 70 àti 700 sí i lára, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 525. A gbé e sí bákónì òkè, a fi fóònù ya òṣùpá, ó funfun báláú bí àwo. A ya Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn, gílóòbù la rí, pẹ̀lú ìdọ̀tí mẹ́ta tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti nu dígí náà títí, ìdọ̀tí ọ̀hún ò lọ. Ṣé kí n ra èyí tó tóbi ju èyí lọ ni? – Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó, ẹ má sì nu dígí yẹn mọ́. Àwọn mẹ́ta tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Júpítà yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Òṣùpá ni wọ́n. Àwọn àgbà máa ń sọ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá lóòótọ́, ṣùgbọ́n Júpítà ní àwọn tó ń bá a rìn tọ̀sántòru. Mẹ́rin ló tóbi nínú wọn: Io, Europa, Ganymede àti Callisto. Galileo tó kọ̀wé nípa wọn ní ilẹ̀ Ítálì, mẹ́ta lòun náà kọ́kọ́ rí, ní 7 January 1610. Ó di 13 January kí ó tó rí ìkẹrin. Awò tó sì fi rí wọn kò dára tó èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín dé ibẹ̀, mo dìde lórí àga, mo kà á sókè fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti funfun báláú yẹn. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, mo sì ń tún lẹ́ńsì ṣe, ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú rẹ̀. Ẹ wo ìyàwó tó wọ aṣọ funfun, tó jókòó sábẹ́ iná nínú gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn. Kámẹ́rà á wo gbogbo òkùnkùn tó yí i ká, á rò pé ibẹ̀ ṣú jù, á wá máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ títí ojú ìyàwó á fi di ẹfun. Ohun tí fóònù yín ń ṣe sí òṣùpá nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, oòrùn ló ń ràn sí òṣùpá lójú, bó ṣe ń ràn sórí Olúmọ lọ́sàn-án gangan. Fọ́tò ọ̀sán ló yẹ kí ẹ yà á, kì í ṣe fọ́tò òru.

Ẹ fi ìka tẹ òṣùpá lójú fóònù, kí ẹ má gbé ìka kúrò títí fóònù á fi fi hàn pé òun ti tì í pa. Àmì oòrùn kékeré kan á yọ. Ẹ fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi máa rí kòtò inú òṣùpá. Ó lè jọ pé ó ti ṣókùnkùn jù. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí òṣùpá bá kún, nítorí oòrùn ń bọ́ sí i lójú tààrà nígbà náà, kò sí òjìji kankan lára rẹ̀. Ìgbà tó bá dé ìdajì ni kí ẹ yà á: ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pàdé, gbogbo kòtò ló ní òjìji tirẹ̀.

Bákan náà ni ti Júpítà. Ẹ fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ títí ìlà méjì tó pọ́n díẹ̀ á fi yọ lára rẹ̀. Bí ìlà bá ti ń yọ ni àwọn òṣùpá rẹ̀ á máa pòórá, nítorí ìmọ́lẹ̀ tiwọn kò tó. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́. Fọ́tò méjì ni: ọ̀kan fún ara Júpítà, ọ̀kan fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti 525, ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. 700 ni kí ẹ máa fi nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ńsì kékeré, ibi tí ojú ń gbé, pín. Lẹ́ńsì 20 á fún yín ní ìlọ́po 35, 10 á fún yín ní 70. Dígí tó fẹ̀ tó mílímítà 70 kò lè gbé ju nǹkan bí ìlọ́po 140 lọ. Ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń tóbi tí kò sì hàn. Ẹ fi 20 wá a, ẹ fi 10 yà á.

Àmọ́ bákónì yẹn ló ń dùn mí jù. Ẹ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada oníàkàrà rí, tí ẹ wo ẹni tó wà ní òdìkejì iná, ẹ rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń mì. Ooru inú ilé tó ń gba orí páànù jáde ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí Júpítà. Lọ́dún kan, mo gbé tèmi gun orí àpáta kan lẹ́yìn ilé wa, mo rò pé bí mo bá ṣe ga tó ni fọ́tò á ṣe dára tó. Òkúta yẹn ti mu oòrùn látàárọ̀, ó ń tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, Sátọ̀nì, pílánẹ́ẹ̀tì olórùka yẹn, sì ń jó nínú lẹ́ńsì bí ẹyin nínú omi tó ń hó. Mo rù ú sọ̀kalẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà nísàlẹ̀. Kò tó wákàtí kan, òrùka Sátọ̀nì dúró wọ̀ọ̀, mo sì rí àlàfo dúdú tó wà láàárín òrùka náà àti ara rẹ̀. N kò gun àpáta nítorí fọ́tò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìnkùlé, sórí erùpẹ̀ tàbí koríko, kí ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀, torí kọnkéré ń gbé gbígbọ̀n rẹ̀ kiri. Ẹ jẹ́ kó wà níta fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ara rẹ̀ tutù. Kí ẹ sì dúró kí Júpítà gòkè. Ohun tó bá wà ní ìwọ̀n 30 (dígírì) péré sókè láti ibi tí ilẹ̀ àti sánmà ti pàdé, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá tó ìlọ́po méjì ti ohun tó wà lókè orí. Àwa tí a wà l'Ábẹ́òkúta rí ojú rere gbà níbí yìí: ìwọ̀n 7 péré la fi jìnnà sí ìlà tó pín ayé sí méjì, kò sì sígbà kan tí Júpítà tàbí Sátọ̀nì kì í gba ìtòsí àtàrí wa kọjá. Àwọn èèyàn London tó ra irú ẹ̀rọ tó lágbára ju tiyín lọ kò rí irú rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí NEPA bá mú iná lọ tàbí wọn ò mú un lọ, kò kan òṣùpá àti Júpítà.

Ẹ má ya fọ́tò ẹyọ kan. Fídíò ni kí ẹ ká. Ẹ so fóònù mọ́ lẹ́ńsì, kí ẹ má fi ọwọ́ dì í mú. Rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù kẹ̀kẹ́ ni mo fi so tèmi kí n tó ra ohun tí wọ́n ṣe fún un. Bọ́tìnì ohùn tó wà lára íyáfóònù (okùn tí ẹ fi ń gbọ́ orin létí) ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí tẹlisíkóòpù má baà mì. Ilẹ̀ ayé ń yí, nítorí náà pẹ̀lú lẹ́ńsì 10, kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Júpítà á fi la ojú rẹ̀ kọjá; ẹ jẹ́ kó kọjá, ẹ kan ń ká a lọ. Ẹ wá gbé fídíò náà sórí kọ̀ǹpútà. Ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta lẹ máa lò níbẹ̀: PIPP á gbé Júpítà sáàárín, AutoStakkert á ṣa àwòrán inú fídíò bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, á kó èyí tó dára léra wọn, á da èyí tó mì nù. RegiStax lẹ fi ń mú un hàn kedere. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Dígí tí ẹ ti nù títí ńkọ́? Eruku ọyẹ́ ń ha dígí bí yanrìn. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ, kì í ṣe etí ìró. Lásìkò òjò, ẹ má tì í mọ́ inú páálí tó tutù. Mo ti gba lẹ́ńsì tó hu ewú bíi búrẹ́dì ní àìmọye ìgbà. Àpò kékeré tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà, ẹ kó o tì í.

Ohun kan ṣì kù, ẹ sì sọ fún Táyé àti Kẹ́hìndé lónìí. Bí ẹ bá rí dígí dúdú kékeré kan nínú páálí náà tí wọ́n kọ Sun sí lára, ẹ fọ́ ọ, kí ẹ dà á nù. Ooru oòrùn tí tẹlisíkóòpù kó jọ lè là á lójijì nígbà tí ojú ọmọ wà níbẹ̀, ojú ọ̀hún kò sì ní ríran mọ́. Lọ́sàn-án, kí ẹ̀rọ náà wà nínú yàrá, kí ìdérí rẹ̀ wà lórí rẹ̀.