Kí ni "croissant" túmọ̀ sí gan-an?

Ẹnì kan bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé "òṣùpá" ni croissant, búrẹ́dì oníbọ́tà àwọn Faransé, túmọ̀ sí, àti pé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ní Vienna, olú-ìlú Austríà, ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1683 láti fi àwọn ọmọ ogun Tọ́kì, tí oṣù jẹ́ àmì wọn, ṣẹ̀sín.

Ọ̀rọ̀ òṣùpá yẹn kò jìnnà sí òótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Croître lédè Faransé ni kí nǹkan máa dàgbà, láti inú crescere ti èdè Látìn. Croissant wá jẹ́ "èyí tó ń dàgbà". Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó tẹ̀ bí dòjé, ńṣe ló ń tóbi sí i lálaalẹ́. Orúkọ tí wọ́n fún un nìyẹn. Àwa ní oṣù lé; àwọn ní oṣù ń dàgbà. Nígbà tó yá, orúkọ náà kúrò lára dídàgbà, ó lẹ̀ mọ́ ìrísí: irin tí àwọn olóko fi ń gé ẹ̀ka igi pàápàá di croissant, torí pé ó tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé orí búrẹ́dì.

Ẹ fi ìtàn ogun yẹn sílẹ̀. Kipferl, búrẹ́dì tó rí bí ìwo, ti wà ní Austríà tipẹ́tipẹ́ ṣáájú 1683. August Zang, ọ̀gá sójà Austríà nígbà kan, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Paris, nígbà tó ṣí ilé búrẹ́dì sí òpópónà rue de Richelieu ní ìparí àwọn ọdún 1830. Títí dòní, viennoiserie, ìyẹn "ohun Vienna", ni wọ́n ń pe irú búrẹ́dì bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ síni lára yìí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Faransé ni. Wọ́n á tẹ́ bọ́tà tútù sáàárín fúláwà tí wọ́n ti pò, wọ́n á fi igi yí i kó fẹ̀, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po sọ́nà mẹ́ta bí ẹni ń ṣẹ́ aṣọ, wọ́n á gbé e sínú òtútù. Bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, bọ́tà náà á ti di ìpele 27. Wọ́n á wá gé e ní onígun mẹ́ta, wọ́n á sì ká a bí ẹní.

Lónìí ní Paris, èyí tí wọ́n fi ojúlówó bọ́tà ṣe sábà máa ń gùn gbọọrọ. Ti màjàrín ló sábà máa ń tẹ̀ bí oṣù. Croissant ni wọ́n ń pe méjèèjì.